Ẹni Tí Kò Gbà Láti Kọ Amẹ́ríkà: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Olúrótìmí Àjíbóyè, 1937 sí 1996

Ní ọdún 1937, ní agbo ilé Àjíbóyè ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ni a bí Olóògbé Olúrótìmí Àjíbóyè. Bàbá wọn ni Sàláwù Àjíbóyè, àgbẹ̀ paraku, oníṣu. Ìyá wọn ni Memunat, tó máa ń sọ pé bí ọmọ òun yìí bá ti ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kí gbogbo ilé yáa lọ sùn. Àwa ẹbí ti pinnu láti sọ ìtàn yìí bó ṣe rí gan-an. A kò ní torí pé òkú wà nílẹ̀ ká wá pe agídí ní ìwà tútù.

Ní ọdún 1944, Sàláwù ní kí ọmọ rẹ̀ máa wé ìtàkùn iṣu mọ́ ọ̀pá. Ọmọ ọdún méje náà yí ti ewùrà sí ọwọ́ ọ̀tún, ó rí i pé ó dúró dáadáa, ló bá yí gbogbo ti esúrú sí ọ̀tún pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n padà dé oko ní ọjọ́ kẹta, gbogbo esúrú ti tú ara wọn sílẹ̀, wọ́n ti yí sí òsì bí wọ́n ṣe ń ṣe láti ayébáyé. Sàláwù rẹ́rìn-ín, ó ní esúrú kì í gba àṣẹ. Ọmọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ń béèrè pé ta ló ń fi ọwọ́ òsì han esúrú. Ìbá ṣe pé bàbá rẹ̀ fún un ní ìgbájú kan péré lọ́jọ́ yẹn, bóyá ara ì bá tu ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Olóògbé kàwé ní Ìlá, wọ́n ṣe ìrìbọmi níbẹ̀ ní ọdún 1951, wọ́n sì gba oyè nínú ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn ní Ìbàdàn ní ọdún 1965. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1968, wọ́n gbé Mosúnmọ́lá, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti Ìkìrun, níyàwó. Bí wọ́n ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ọkọ ìyàwó dá mọ́tò dúró, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ìtàkùn kan tó wé mọ́ òpó wáyà. Ìyàwó jókòó sínú mọ́tò, oòrùn ń pa á nínú aṣọ funfun. Ìyá wa máa ń sọ pé ibẹ̀ ni òun ti mọ irú ẹni tí òun fẹ́, àmọ́ ó ti pẹ́ jù láti sọ̀ kalẹ̀.

Iṣẹ́ gbé wọn dé Port Harcourt ní ọdún 1977, wọ́n sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì níbẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Wọ́n gba ilẹ̀ kékeré kan ní Aluu, wọ́n gbin esúrú sí i, kì í ṣe fún jíjẹ o, wọ́n fẹ́ máa wo bó ṣe ń yí ni. Bí esúrú bá wu Ìyá í jẹ, ọjà Creek Road ni wọ́n ń lọ. Ta ló gbọ́ irú rẹ̀ rí? Nínú ìjọ Yorùbá tí wọ́n ń lọ, wọ́n jẹ́ alámòójútó fún ọdún mọ́kànlá. Bí pásítọ̀ bá ní ẹgbẹ̀rún èèyàn ló wá síbi ìkórè, Bàbá á dìde, wọ́n á ní ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rin ni. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ojú pásítọ̀ lọ́jọ́ náà á ṣàánú rẹ̀.

Ní ọdún 1990, Bàbá ka ìkéde kan nínú ìwé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Àǹfààní ṣí sílẹ̀ fún àwọn olùwádìí láti orílẹ̀-èdè gbogbo láti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí yàrá ìwádìí kan tó ń yí ayé po lókè sánmà. Nínú yàrá yẹn, nǹkan kì í wúwo, nǹkan kì í já bọ́, kò sí òkè, kò sí ilẹ̀. Bàbá ka ìkéde náà fún gbogbo ilé, títí kan ẹni tó wá bá wa tún omi ṣe. Bí a bá gbé esúrú dé irú ibẹ̀, ṣé yóò ṣì mọ òsì rẹ̀? Ìbéèrè ọmọ ọdún méje ti rí ibi tí wọ́n ti lè dá a lóhùn. Ní oṣù Kẹta ọdún 1991, lẹ́tà dé pé wọ́n ti gba iṣẹ́ Bàbá wọlé. Kí èbù esúrú mẹ́fà, tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń di ẹrù ọkọ̀ tí yóò gbé yàrá náà lọ sókè kí oṣù Kẹsàn-án tó parí. Ìyá sunkún ayọ̀. Ìwé àṣẹ kan ṣoṣo ló kù.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ìwé àṣẹ yẹn! Ohun ọ̀gbìn kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ yìí láìsí fọ́ọ̀mù láti ọ́fíìsì kan tí a kò ní dárúkọ. Ìbéèrè keje lórí fọ́ọ̀mù náà ni orílẹ̀-èdè tí ohun ọ̀gbìn ń lọ. Bàbá fi bírò dúdú kọ ọ́ pé: Kò sí. Òkè sánmà ni. Akọ̀wé ibẹ̀, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Boma, wò ó títí, ó ní, "Oga, up no be country." Ó ṣí ìwé ńlá tí wọ́n to orúkọ orílẹ̀-èdè sí, ó ní kí Bàbá wá fi òkè han òun nínú rẹ̀. Ó dá fọ́ọ̀mù padà. Èbù mẹ́fà gbẹ dànù, Bàbá gé mẹ́fà mìíràn. Ní oṣù Kẹfà, bákan náà. Ní oṣù Kẹjọ, bákan náà.

Ìyá ní kí wọ́n kọ Amẹ́ríkà, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ náà yóò ti gbéra. Bàbá ní wọ́n kàn máa gba ibẹ̀ kọjá ni. Ìyá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Káyọ̀, ṣé ẹni tó ń lọ sí Ìlá kì í gba Benin kọjá ni?" Bàbá ní, "Ó ń gba ibẹ̀ kọjá, Mosún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í léèrè ibi tó ń lọ, kì í pe Benin." Irú èèyàn wo rèé? Ohun tó ti ń wá láti kékeré ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó ní òun kò ní kọ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹsàn-án, Ìyá gba àyè níbi iṣẹ́, wọ́n lọ bá Boma fúnra wọn, wọ́n gba fọ́ọ̀mù tuntun, wọ́n sì kọ Amẹ́ríkà sí ìbéèrè keje. Kí wọ́n tó jókòó, Boma ti lu òǹtẹ̀. Ó ku kí Bàbá buwọ́ lù ú. Ìyá gbé e délé, wọ́n kúnlẹ̀. Bàbá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ká a sí méjì, wọ́n fi í sínú Bíbélì, wọn kò buwọ́ lù ú. Ọkọ̀ náà gbéra láìsí esúrú. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, Ìyá kò bá wọn sọ̀rọ̀. Oúnjẹ ń dé orí tábìlì, ọ̀rọ̀ kò bá a wá. Inú bí gbogbo wa nígbà náà, ó sì ń bí wa títí di òní.

Bàbá tún kọ̀wé béèrè ní ọdún 1993, wọ́n tún kọ ní 1995. Èsì kò dé. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún ọdún 1996, lẹ́yìn àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n pa ojú dé. Ìyá ń wá sáàmù tí a ó kà níbi ìsìnkú ni wọ́n bá fọ́ọ̀mù náà pàdé nínú Bíbélì. Bírò dúdú ti kọ̀wé sí ẹ̀yìn rẹ̀: Olúwa, má ka Amẹ́ríkà yìí sí Mosún lọ́rùn. Ìfẹ́ ló kọ ọ́.

Àwọn tí Olóògbé fi sáyé lọ ni ìyàwó wọn, Mosúnmọ́lá. Àbúrò wọn, Ganiyat. Káyọ̀, tó wà níléeṣẹ́ epo. Eunice, tó ń ṣiṣẹ́ báńkì. Múyìwá, tó ṣì ń kàwé, tí Pidgin rẹ̀ dán ju Yorùbá rẹ̀ lọ, ohun tí Bàbá kò dárí rẹ̀ jì wá rí. Àti ọmọ-ọmọ mẹ́rin.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, Ìyá lọ gba ìwé àṣẹ láti gbé Bàbá kúrò ní Port Harcourt lọ sí Ìlá. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n tún nà sí wọn. Ibi tí òkú ń lọ wà lára ohun tí wọ́n béèrè. Ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Ìlá, wọ́n dúró, wọ́n fa igi lé e. Wọ́n wá kọ ọ́ pé: Òkè ni. Ìlá ni wọ́n máa gbà kọjá. Akọ̀wé náà kò tilẹ̀ wo ohun tí wọ́n kọ. Ó lu òǹtẹ̀, ó ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀. Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, wọ́n pòṣé, wọ́n sunkún, wọ́n tún pòṣé.

Ẹ sùn re o, Bàbá Káyọ̀. Wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí i. Ẹ máa lọ.