Mẹ́ta Ni Wọ́n Kọ Sílẹ̀ fún Orúnkún Bàbá Rẹ

Napari ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ Akra, mo kí ọ kú ariwo ibẹ̀, mo sì kí àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé inú yàrá kan. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Samata ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Àwọn awó mi yé dáadáa lọ́dún yìí, a sì ti kó iṣu wálé kí òjò tó bà á jẹ́. Ibi tí àlàáfíà mọ nìyẹn. Inú ló ń bí mi tí mo fi mú bírò.

Orúnkún mi ọ̀tún ni. Láti ìgbà ìkórè èṣí ló ti ń ró bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ ewé gbígbẹ. Tí mo bá lóṣòó, kò ní í gbà kí n dìde, tí mo bá sì dìde, kò ní í gbà kí n lóṣòó. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tá a lọ kí Naa láàfin, gbogbo àwọn ẹgbẹ́ mi bọ́ bàtà, wọ́n lóṣòó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́, èmi nìkan ló dúró gbọnrangandan láàárín wọn. Tiyumba tá a jọ ń ta awó lọ́jà wá ń sọ kiri pé Baba Napari ti ra orúnkún tuntun láti Akra, kò fẹ́ kí iyanrìn kàn án. Wulana tó ń gbẹnu sọ fún Naa ránṣẹ́ pè mí. Ó ní òun ò bá mi jà, àmọ́ ọdún Damba ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, tí mo bá sì tún dúró níwájú Naa lọ́jọ́ náà, kí n má jókòó sáàárín àwọn àgbà mọ́. Ogún ọdún ni mo ti ń jókòó níbẹ̀, Napari.

Ni mo bá gba ilé ìwòsàn lọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ya orúnkún náà ní fótò. Mo ti fárí, mo wọ ẹ̀wù òfì mi tó dára jù, mo rẹ́rìn-ín bó ṣe yẹ. Nígbà tí fótò dé, kò sí ẹ̀wù, kò sí ojú, kò sí ẹran ara pàápàá, egungun lásán ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Dókítà, ọmọ tí kò tíì tó ọ lọ́jọ́ orí, ní tèmi ni. Ó ní oríkèé dà bí irin tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí tó fi ń padé, pé tìmùtìmù kan wà láàárín egungun kí wọ́n má baà máa ha ara wọn, omi kan sì wà níbẹ̀ tó ń mú kó máa yọ̀, àmọ́ tìmùtìmù tèmi ti jẹ tán. Mo bi í pé ta ló lò ó tán. Ó ní èmi ni. Èmi tí mi ò yá ẹnikẹ́ni ní orúnkún yìí rí.

Mo gbé ìyẹn mì. Ó ní kí n lọ bá nọ́ọ̀sì tó ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n máa tọ́jú. Nọ́ọ̀sì ní kí n fi nọ́ńbà sọ bó ṣe ń dùn mí tó, láti òdo dé mẹ́wàá. Ogójì ọdún ni mo ti ń dúnàádúrà. Èmi ni mo wá ra ìwòsàn, ìsàlẹ̀ ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní mẹ́ta, kí òun náà lè gbé tirẹ̀ sọ, ká jọ fà á títí tá a fi máa dé mẹ́jọ tó jẹ́ òótọ́ inú mi. Ọmọbìnrin náà kò fà á. Ó kọ mẹ́ta. Mo ní ó dáa, mẹ́rin. Ó ní bàbá, òun ti kọ ọ́. Mo dìde bí ẹni tó ń lọ, kó lè pè mí padà. Ẹni tó kàn ló pè.

Tiyumba ni, èjìká ló ń dùn ún. Ó ní mẹ́wàá láìṣẹ́jú. Wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Èmi, wọ́n fún mi ní oògùn ara ríro, wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nígbà tí Damba bá ti kọjá. Mo padà lọ bá nọ́ọ̀sì náà lọ́jọ́ kejì, mo ní mẹ́jọ ni mo parí ẹ̀ sí. Ó ní ìrora kì í fò láti mẹ́ta dé mẹ́jọ láàárín ọjọ́ kan. Mo ní iye iṣu ń fò bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n máa lọ sílé, bàbá oníṣu.

Nítorí náà, fi ọgọ́rùn-ún sídì ránṣẹ́, kí n lè máa ra òrí àti oògùn. Má fi gba inú fóònù, ojú fóònù mi ti là, mi ò fẹ́ kí owó dà sílẹ̀ lọ́nà. Mú un wá fúnra rẹ. Mo ti bi Wulana léèrè, ó ní bí ọmọ bá lóṣòó níwájú Naa tí bàbá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ bàbá ni wọ́n máa pè, bí ẹni pé òun ló lóṣòó. Ọdún mẹ́ta lo ti ń fi fóònù kí mi, fóònù kì í sì í lóṣòó. Orúnkún méjì tó o fi ń gun àtẹ̀gùn Akra yẹn, èmi àti ìyá rẹ la ni ín. Kó o dín àtẹ̀gùn gígun kù títí dìgbà tó o máa wálé.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí oríkèé rẹ gbẹ. Kí ọ̀nà gbé ọ délé kí Damba tó pé.

Èmi ni Sumani bàbá rẹ, tó ṣì wà lórí ìdúró.