Ìta Ni Bàbá Mi Máa Ń Lóṣòó Sí

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́. Iléṣà.

Inú ń bí mi láti àárọ̀, n kò sì lè sọ ọ́ fún ìyàwó mi.

Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń kọ́ kíláàsì Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lónìí, Títí ni pásítọ̀ ní kó kọ́ wa, ọmọ Òṣogbo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ìlú yìí. Òfin Mósè lórí owó yíyá ló mú: ẹni tó yáni lówó kò gbọdọ̀ wọ ilé onígbèsè lọ mú ohun ìdógò. Ìta ni kó dúró sí.

Mo nawọ́. Mo ní bàbá mi pa òfin yẹn mọ́ láìmọ̀. Òṣómàáló ni wọ́n. Wọ́n á ta aṣọ láwìn, bí ọjọ́ bá pé, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó. Wọn kì í wọlé rárá.

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn.

Títí ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe lóṣòó síbẹ̀ yẹn, ṣé onílé ráyè jáde?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kí n tó mọ̀, èmi náà ti ń pàtẹ́wọ́.

Ọdún méjìdínlógún! Ìbéèrè yẹn kò sọ sí mi lọ́kàn rí.

Ìyàwó mi yìn ín títí a fi délé. N kò lè jẹ iyán mi tán. Mo tún ṣí Bíbélì, mo ń wá ibi tó ti ṣì í, n kò rí i.

Oòrùn ti ń wọ̀ báyìí, ẹnu ọ̀nà ọmọ yìí ni ọkàn mi ṣì lóṣòó sí. Gbèsè wo ló tiẹ̀ jẹ mí?