Alùpùpù Tó Ń Kú Lójú Ọ̀nà Òkè-Ìrókò

Ilé Kẹtàdínlógún,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì, Karaworo,
Lọ́kọ́ja,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
15 Oṣù Kọkànlá, 1986.

Bridget, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ọ̀kún o! Ọ̀kún iṣẹ́, ọ̀kún ọmọ, ọ̀kún ọyẹ́ Kàdúná tí mo gbọ́ pé ó ti ń fẹ́. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Bàbá Ọmọ́tọ́lá ń kọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti jẹ́ kí wọ́n gbádùn? Ọmọ́tọ́lá fúnra rẹ̀ ń kọ́, ṣé ó ṣì ń jẹ yẹ̀pẹ̀? Mo rí ìyá rẹ nígbà tí mo lọ sílé lóṣù Kẹsàn-án. Ara wọ́n le bí òkúta, wọ́n sì ní kí n bi ọ́ bóyá kò sí sítáǹpù lẹ́tà ní Kàdúná ni.

Má bínú pé mi ò tètè dá èsì lẹ́tà rẹ padà. O ní bóyá mo ti di ọ̀gá tí kì í kọ̀wé sí mẹ̀kúnnù mọ́. Ẹnu rẹ ń yún ọ! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo mú bírò, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e sílẹ̀. Bí o bá gbé ọbẹ̀ kaná, sọ ọ́ kalẹ̀ ná kí o tó ka èyí, torí ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi ojú kan kà.

O mọ̀ pé wọ́n fún mi ní alùpùpù lẹ́nu iṣẹ́, òun ni mo fi ń lọ yẹ àwọn aláboyún wò ní àwọn abúlé Ọ̀wọ́rọ̀. Gbogbo Ọjọ́rú ni mò ń lọ sí Òkè-Ìrókò. Ó tó máìlì mẹ́rìndínlógún, ìdajì ọ̀nà náà ni kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀dà. Láti oṣù Kẹjọ ni alùpùpù yìí ti ń hùwà àgàbàgebè. Bí mo bá ń lọ, á máa sáré bí ẹni tí àrùn kankan ò ṣe rí. Bí mo bá ń bọ̀, á kàn dákẹ́ lójijì, kò ní wúkọ́, kò ní já gìrì, bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ àtùpà pa. Lọ́jọ́ kan ó dákẹ́ mọ́ mi nídìí níbi tí mo ti ń sọdá títì ọ̀nà Kàbbà, tírélà kan sì ń já bọ̀. Ọlọ́run ló yọ mí. Awakọ̀ náà yọrí síta, ó bú mi ní Haúsá, mo bú u padà ní Yàgbà.

Sùrájù ni mekaníìkì mi, ní ẹ̀bá ọ̀nà Ganaja, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tí kì í pariwo. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó fọ kabúrétọ̀. Ó pààrọ̀ kọ́ìlì. Ó gùn ún dé Otokiti, ó gùn ún padà, kò kú. Èmi náà gùn ún, kò kú. Nígbà tó di Ọjọ́rú, tí mo ń bọ̀ láti Òkè-Ìrókò, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kú kí n tó délé. Ni mo bá lọ ká Sùrájù mọ́ ṣọ́ọ̀bù. O mọ ẹnu mi. Mo pè é ní olè níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, mo ní ó ti yọ ojúlówó kọ́ìlì mi tà. Kò bá mi fa ọ̀rọ̀. Ó kàn bi mí pé, “Nọ́ọ̀sì, kí lẹ máa ń gbé sórí ẹ̀ bí ẹ bá ń bọ̀?” Mo ní kí ni mo fẹ́ gbé, ṣé kì í ṣe àpò iṣẹ́ mi nìkan ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bi mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohun kan náà ni mo sì fi dá a lóhùn.

Irọ́ ni mo pa, Bridget. O mọ àwọn èèyàn Ọ̀wọ́rọ̀, wọn kì í jẹ́ kí àlejò kúrò lọ́dọ̀ wọn lọ́wọ́ òfìfo. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá kan tó ń jẹ́ Adéòkè ni mo ti máa ń yẹ àwọn aláboyún wò. Bí mo bá ti parí, Màmá á so iṣu, ẹ̀gúsí àti àdìyẹ pọ̀, wọ́n á gbé e kọ́ ọwọ́ alùpùpù fúnra wọn. Bí mo bá kọ̀, wọn ò ní bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méje. Bẹ́ẹ̀ ìjọba ní a ò gbọdọ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ aláìsàn. Ṣé o rántí Sarah, nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa, tí wọ́n torí ẹyin mẹ́fà kọ kúẹ́rì fún láti fi bá a wí? Nítorí náà, ilé ni mo máa ń kọ́kọ́ yà láti já ẹrù, kí n tó gbé alùpùpù lófìfo lọ bá Sùrájù. Ojú ń tì mí láti sọ. Èmi yìí náà ni mo máa ń jágbe mọ́ aláboyún tó bá fi àgbo tó mu pa mọ́ fún mi.

Mo ti fi orí ara mi parí rẹ̀ sí pé ooru ni. Mo ní nígbà tó jẹ́ pé bí mo bá ń bọ̀ ló máa ń kú, á jẹ́ pé bó bá ti rìn jìnnà, ara rẹ̀ á gbóná jù. Bí mo bá sì gbé ẹrù sílẹ̀, tí mo dúró kí ó sinmi, ó máa ń gbé lóòótọ́. Kí ni mo tún fẹ́ máa wá?

Lọ́jọ́ kejìlélógún oṣù tó kọjá, mo dé Òkè-Ìrókò ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Màmá Adéòkè ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n káwọ́ lérí. Kàrímọ́tù ìyàwó ọmọ wọn, tí oyún rẹ̀ wà ní oṣù kẹjọ, ni ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́, kò sì sí ìrora kankan. Ìwọ náà mọ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó lè gbẹ̀mí ìyá àti ọmọ. Oyún méjì ló ti bà jẹ́ lára ọmọbìnrin yìí tẹ́lẹ̀. Mo gbé etí lé ikùn rẹ̀, mo gbọ́ ọkàn ọmọ, ó ń lù kìkìkì, ó lágbára. Mo ní ọsibítù ni o, kíá. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó wà lábúlé ti kó èrò lọ sọ́jà láti ìdájí. Alùpùpù mi nìkan ló kù.

Èmi jókòó síwájú, Kàrímọ́tù wà láàárín, Mákánjúọlá ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, ó fi apá méjèèjì gbá a mú. Bí a ṣe fẹ́ gbéra ni Màmá sáré wọlé, wọ́n di ẹrù kan jáde, aṣọ Kàrímọ́tù, aṣọ ọmọ, ọṣẹ, àti iṣu mẹ́ta fún dókítà. Wọ́n gbé e kọ́ ọwọ́ alùpùpù, wọ́n so ó le dan-in dan-in. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń sọ pé, “Ẹ má délé onílé lọ́wọ́ òfìfo o.” Mi ò lè jiyàn lásìkò yẹn, ni mo bá fẹsẹ̀ ta á.

A ò tíì rin máìlì márùn-ún tí a fi bọ́ sí kòtò kan lẹ́yìn odò kékeré. Alùpùpù dákẹ́. Mo fẹsẹ̀ ta á, kò gbé. Mo ta á títí òógùn fi ń kán sí mi lójú. A gbé Kàrímọ́tù sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ igi ẹ̀mì kan. Mákánjúọlá ń wò mí lójú. Mo sọ fún un, pẹ̀lú gbogbo ìgboyà ẹni tó kàwé, pé ara ẹ́ńjìnnì ló gbóná, kí a jẹ́ kó sinmi. Ó lọ fi fìlà rẹ̀ bomi lódò, ó ń dà á sára irin. A sì jókòó, Bridget. A jókòó, à ń wo alùpùpù, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba inú ìró jáde sórí ewé. Mo ń wo aago ọwọ́ mi. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì.

Mo tún ta á, kò gbé. Mo wá tú púlọ́ọ̀gì, mo gbé e lé ara ẹ́ńjìnnì láti wò bóyá á ṣáná, bí mo ṣe máa ń rí i tí Sùrájù ń ṣe, mo ní kí Mákánjúọlá fẹsẹ̀ ta á. Kò ṣáná rárá. Ni òtútù bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú Kàrímọ́tù, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ọkọ rẹ̀ já ẹrù sílẹ̀ láti mú aṣọ bò ó. Mo tún ta á lẹ́ẹ̀kan, púlọ́ọ̀gì ṣáná wàì! Mo pariwo pé ó ti tutù. A dè é padà, a gbé ẹrù kọ́, a tún gùn. Kò tó ogójì ìṣísẹ̀ tó tún dákẹ́.

Ìgbà yẹn ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Mo dúró, mo ń wo ẹrù náà, ohùn Sùrájù sì ń dún létí mi, kí lẹ máa ń gbé sórí ẹ̀? Mo tú púlọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo fọwọ́ gbé ẹrù sókè, Mákánjúọlá ta á, ó ṣáná. Mo fi í sílẹ̀, iná kú. Mo tẹ̀ ba wo abẹ́ iná iwájú. Wáyà tó ń lọ síbi tí a ti ń pa ẹ́ńjìnnì ti họ, inú rẹ̀ hàn síta. Bí ẹrù bá ti wúwo, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, bí wáyà yẹn bá sì ti kan irin, ó tán, ńṣe ló dà bí ẹni pé èmi ni mo pa á. Mo ju ẹrù náà sínú koríko. Mo yọ pílásítà tí mo fi ń di egbò nínú àpò mi, mo fi we wáyà náà. A ta á lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbé, kò sì kú mọ́ títí a fi dé ọsibítù.

Wọ́n gbé Kàrímọ́tù lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀. Ó yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọmọ náà, ọkùnrin ni, kò mí. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ dókítà. Ara rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Dókítà ní kò tíì pẹ́ rárá tó lọ. Kò mọ ohun tó sọ sí mi.

Mo lọ bá Sùrájù lọ́jọ́ kejì. Mo kúnlẹ̀ fún un níwájú àwọn tí mo ti bú u lójú wọn, mo sọ pé mo purọ́. Ó ní kí n dìde, ó ní ó tó. Ó tún wáyà náà ṣe kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iṣẹ́ tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá!

Lọ́jọ́ kẹrin, mo lọ sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì Kàrímọ́tù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí irọ́ dé orí ẹrù. Mo ní kó bú mi, kó lé mi jáde, mo ní màá lọ sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ náà. Ó kọjú sí ògiri. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, Ìyá ló so ẹrù yẹn kọ́ ọ.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n èmi ni mo purọ́. Ó ní, “Mo gbọ́. Àmọ́ bí ẹ bá sọ fún wọn, wọn ò ní gbọ́ tiyín níbẹ̀, tiwọn nìkan ni wọ́n máa gbọ́. Mo ti bẹ Mákánjúọlá. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ.” Mo sunkún gidigidi. Òun tí ọmọ rẹ̀ kú ló wá ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Bá mi kí bàbá Ọmọ́tọ́lá, kí o sì fẹnu ko ọmọ mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Bá mi kí Joseph àbúrò rẹ bó bá yà sílé. Bí o bá ka lẹ́tà yìí tán, fi í dáná. Ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, Màmá Adéòkè dì mọ́ mi, wọ́n ń dúpẹ́ pé mo gba ìyàwó àwọn là. Wọ́n wá rọra bi mí bóyá a rí ẹ̀wù funfun kékeré inú ẹrù yẹn wọ̀ fún ọmọ náà kí wọ́n tó sin ín, wọ́n ní ọwọ́ àwọn làwọn fi rán an. Mákánjúọlá ti padà lọ wá ẹrù náà nínú koríko, kò bá a mọ́. Mo wo ojú wọn. Mo ní, “A wọ̀ ọ́ fún un, Màmá. Ó bá a mu.”

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
Salome