Ìjókòó Méjì Ni Kí O Rà

Àbíkẹ́yìn mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àlejò tuntun tó ń fi ẹkún jí gbogbo ilé. Ara wa le. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ti ń ṣiṣẹ́ padà. Dókítà ní orúnkún bàbá rẹ á máa rọ̀ sí i, bó bá ṣáà ti ń rìn díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ló kù. O ṣeun tí o fẹ́ ra ìjókòó iwájú ọkọ̀ òfurufú fún mi, èyí tó ń di bẹ́ẹ̀dì. Bàbá rẹ ní, "Máa lọ, èmi á ṣọ́lé." Àmọ́ lánàá, mo ká a mọ́ iwájú dígí, ó gbé ìrọ̀rí sápá, ó ń fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ tuntun. Mi ò ní fi í sílẹ̀.

Fi owó bẹ́ẹ̀dì yẹn ra ìjókòó méjì lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Má wulẹ̀ sọ pé eegun ẹ̀yìn mi ò ní gbà á. Ọ̀sán mẹ́ta ni mo ti fi sùn lórí àga ìjẹun, bí nọ́ọ̀sì àdúgbò wa ṣe kọ́ mi: mo ká táwẹ́ẹ̀lì mọ́ ọrùn, mo gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré, mo sì de ìgbànú lé orí aṣọ ìbora, kí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú má baà jí mi láti wò bóyá mo dè é. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá rẹ ní, "Màmá wọn, ẹ hanrun débi pé ológbò sá jáde!"

Jọ̀wọ́, etí ọ̀nà ni kí o fi bàbá rẹ sí, kó lè máa dìde nasẹ̀. Èmi á jókòó tì í.

Bí o ti ń tọ́jú wa, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ rẹ á tọ́jú rẹ. Mi ò tíì sọ fún bàbá rẹ pé òun náà ń bọ̀ o. Ìwọ ni kí o pè é. Bí èmi bá sọ ọ́, á ní mo ń ṣàánú òun ni.

Èmi ìyá rẹ.