Ìdí Tí Mi Ò Fi Fá Irùngbọ̀n Mi Mọ́

Ìyá mi tó bí mi lọ́mọ,

Mo ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin báyìí, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyá Dáúdà tí ògiri wa jọ kan ara wọn fún mi nímọ̀ràn, mo ní kó lọ fún ọmọ rẹ̀. Mọ́ríámọ̀, ọmọ mi tó ń ta aṣọ ní Gbọ̀ngán, wọkọ̀ wá sí Ìkirè nítorí kó lè gbà mí nímọ̀ràn. Mo fún un lóúnjẹ, mo ní kó tètè máa lọ kí ilẹ̀ má baà ṣú. Ẹ̀yin náà, tó bá jẹ́ ìmọ̀ràn lẹ ní, ẹ mú un dání síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀wé. Ẹ wá ẹni tó máa kà á fún yín. Èmi náà, ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí ẹ tó ní kí n wá máa bá yín din dòdò, kí wọ́n má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́.

Rafíátù, ọmọ Mọ́ríámọ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Ẹ ti lọ kí wọ́n tó bí i. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlá, Àpòmù ló ti ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì. Ó jọ yín níwájú orí. Láti bí ọdún kan ni irun ti ń hù sí i lágbọ̀n àti lókè ètè, kì í sì í ṣe irun kékeré. Mo rí i, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Èmi tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kò ṣe bí ẹni tí kò rí i ní tiwọn. Àáfà ni wọ́n sọ ọ́. Tó bá ti wọlé báyìí, wọ́n á dìde dúró. "Àáfà, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ bá wa ṣàdúrà, ìdánwò ti dé." Kò sọ fún mi. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu, nínú ooru tó ń mú gbogbo wa láàgùn.

Ibi tó ti lọ dirun ló ti gbọ́ pé ìpara tí wọ́n fi ń na irun, tó bá pẹ́ lórí, ó máa ń jẹ irun tán. Ó bu díẹ̀ sínú ọ̀rá, ó gbé e wálé, ó kùn ún sí àgbọ̀n, ó sì jókòó tì í títí mo fi kírun Alàásárì tán. Igbe rẹ̀ ni mo gbọ́. Ìyá mi, awọ ọmọ náà ṣí kúrò bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi lọ sílé ìwé. Nígbà tí egbò yẹn san, irun náà tún hù padà. Ó wá sọ fún mi pé òun ò lọ sílé ìwé mọ́ láéláé, kí n jẹ́ kí òun máa bá mi din dòdò nínú ilé.

Mo wá ṣe ohun tí mo mọ̀. Ohun tí ẹ ṣe fún mi.

Ṣé ẹ rántí ẹ̀yìn ilé ìdáná? Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kí àwọn ìyàwó ilé tó jí, ẹ ó fi ẹsẹ̀ kàn mí, a ó jáde. Ẹ ó fi ọṣẹ dúdú ra mí lágbọ̀n. Bí ẹ bá ṣe ń fá a lẹ ó máa di ètè tiyín mọ́ra, bíi pé ara yín ni abẹ wà. Ẹnu yín máa ń rùn fún obì. Ẹ kì í sọ nǹkan kan ju pé kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, pàápàá ọkọ.

Mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi wà nílé ọkọ mi, mi ò sùn mọ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí. Èèyàn dáadáa ni. Ó kú láìrí àgbọ̀n mi bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ṣé ì bá lé mi? Àbí ì bá kàn rẹ́rìn-ín? Ta ni mo fẹ́ bi báyìí?

Mo fi Rafíátù jókòó lórí àpótí, mo mú abẹ. Ó wò mí. "Ìyá àgbà, kí ni mo ṣe?" Ó rò pé mo fẹ́ jẹ òun níyà ni. Ó tún ní, "Ṣé èmi nìkan ló ní i?"

Mi ò tíì fá tèmi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé àgbọ̀n mi. Ó fọwọ́ pa á lọ, ó fọwọ́ pa á bọ̀.

"Ó ń gúnni, Ìyá àgbà."

"Èmi náà ní i," ni mo wí. "Láti ìgbà tí mo ti tó ẹ."

Ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé tó bá wù ú láti fá a lọ́jọ́ kan, àgbọ̀n rẹ̀ ni, màá ra abẹ tuntun, màá kọ́ ọ bí kò ṣe ní í gé e. Tí kò bá wù ú, kó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní í tìtorí ẹ̀ sá pamọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná. Mo ju abẹ náà sí ṣáláńgá.

Lọ́jọ́ Ajé, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ fẹsẹ̀ rìn dé Àpòmù, mi ò fi nǹkan bo àgbọ̀n. Ọmọkùnrin kan ní géètì ní, "Ẹ wá wò ó, Àáfà ti mú bàbá rẹ̀ wá." Mo dúró. Mo ní, "Ìyá rẹ̀ àgbà ni mí. Sún mọ́ mi, kí o wò ó dáadáa." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọn ò tíì jáwọ́ tán, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti pè é ní Àáfà báyìí, á ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú sàráà wá kí òun tó ṣàdúrà. Ó ń lọ sílé ìwé lójoojúmọ́. Mọ́ríámọ̀ ní mò ń dójú ti ìdílé. Àwọn kan ní obìnrin tó bá nírùngbọ̀n á lówó, mo ní mo ti ń dúró de owó náà tipẹ́.

Ara ti tu ọmọ náà. Tèmi ni kò tù mí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ fi dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́jú fún yín. Ìborùn yín ò kúrò lẹ́nu. A rò pé òtútù ni. Nígbà tí ẹ lọ tán, tí àwọn obìnrin fẹ́ wẹ̀ yín, èmi àkọ́bí ni wọ́n gbé omi fún. Mo ṣí ìborùn náà. Irun funfun, ó kún àgbọ̀n yín. Àwọn tó kù gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rọra fi omi wẹ̀ ẹ́, mo fi ìka mi yà á, mi ò sì fá a.

Ẹ ti máa ń fá tiyín tán kí ẹ tó wá jí mi. Ẹ̀yin náà ní i. Ọmọ yín jókòó níwájú yín pẹ̀lú ọṣẹ lágbọ̀n, ó ń rò pé òun nìkan ni Ọlọ́run bínú sí, ẹ ò sì lè la ẹnu. Kí lẹ̀ ń bẹ̀rù? Ṣé ìyá tiyín ló ní kí ẹ má sọ? Mo ti sọ ọ́ fún Rafíátù: "Èmi náà ní i." Kò le. Kò tó kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀kan.

Mo fẹ́ràn yín, ẹ sì mọ̀. Mo ṣì máa ń gbọ́ òórùn obì yín.

Èmi ọmọ yín, àkọ́bí yín, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ yín.

Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta lẹ fi jẹ mí ní gbólóhùn yẹn. Ẹ san án.