Àlàáfíà Ni Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Inṣọ́ránsì

Ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ ní ìlú ńlá yẹn. Bí o bá bèèrè àwa náà, àlàáfíà la wà, kò sí nǹkan kan.

Fọ́ọ̀mù inṣọ́ránsì tí o fún wa nígbà tí o mú wa dé orílẹ̀-èdè yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n ní àìsàn wo ló ti ń ṣe wá tẹ́lẹ̀. Ẹni tí a kò rí ojú rẹ̀ rí! Bí èèyàn bá ní ṣé ara le, ṣé àìsàn la máa ń kà fún un? Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé ara wa le, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní àyà tó ti ń dun òun láti ọdún mẹ́jọ ńkọ́, mo ní kó pa ẹnu mọ́, a kì í fi ọwọ́ ara ẹni kọ àìsàn ti orúkọ ara ẹni. Mo sì mú ètò tí owó rẹ̀ kéré jù nínú mẹ́ta tí wọ́n tò síbẹ̀, èyí tí kò gba àìsàn àtijọ́, kí ẹrù má baà wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Lóṣù tó kọjá ìyá rẹ ṣubú nílé ìdáná, ife tó ń fọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà bi í pé ó ti tó ìgbà wo tí àyà ti ń dùn ún, kò kúkú mọ irọ́ pa, ó ní ọdún mẹ́jọ. Ni àwọn inṣọ́ránsì bá kọ̀wé pé a purọ́, àwọn ò ní san nǹkan kan nínú owó ọsibítù. Èmi, pẹ̀lú ewú orí mi! Kíkí ni mo kí wọn o.

Mo pè wọ́n. Obìnrin kan ní kí n tẹ oókan. Mo tẹ̀ ẹ́, mo ro ẹjọ́ délẹ̀, mo fi ìyá tó bí i bẹ̀ ẹ́. Ó tún ní kí n tẹ oókan. Ọmọ náà ní sùúrù, kò bínú sí mi rárá, ṣùgbọ́n kò dá mi lóhùn.

Ìyá rẹ kì í dùbúlẹ̀ mọ́, orí àga ló ń sùn, nítorí bó bá na ẹ̀yìn lélẹ̀, kì í lè mí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, bàtà mi ló ń wọ̀. Ó ní òun ò ní padà sí ọsibítù, kí gbèsè má baà pa ọ́. Oògùn ti tán láti ọjọ́ márùn-ún, jọ̀ọ́, fi owó rẹ̀ ránṣẹ́.

Nígbà tí o pè lọ́jọ́ Àìkú tí o bèèrè ara rẹ̀, ó mí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó lè sọ pé ara òun le. Èmi náà gbè é, mo ní a dúpẹ́. Ọmọ mi, àlàáfíà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, pa á rẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Má fi owó nìkan ránṣẹ́, ìwọ gan-an máa bọ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ dé, á sì jẹ́ kí o bá ìyá rẹ láyé.

Bàbá rẹ.