Àkùkọ Dúdú, Àgbébọ̀ Dúdú, Ọmọ Funfun

Sìdíkátù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọ-ọmọ mi obìnrin tí ẹ bí lẹ́yìn ikú ìyá rẹ, tí n kò tíì fojú rí. Ẹ kú òtútù Kánádà. Ní Agége níbí, mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, orúnkún ló kàn ń dùn mí.

O rántí pé funfun ni àwọn àgbébọ̀ ìyá rẹ, dúdú ni àkùkọ wọn. Ọmọ wọn dúdú méjì ló kù, akọ kan, abo kan. Abo náà yé, ó sì pa ọmọ. Nígbà tí àwọn ọmọ hu ìyẹ́, ọ̀kan funfun báláú. Mo ní àkùkọ aládùúgbò ló fò wọlé. Dókítà ẹran láti Oko Ọba ní rárá, pé àwọn méjèèjì ló gbé funfun pamọ́ sára. Dúdú ló bò ó mọ́lẹ̀.

Jọ̀ọ́, gbé ọmọ rẹ wá kí n wò ó dáadáa. Ọlọ́hun á dá ẹ̀mí wa sí.

Mo sọ adìẹ funfun náà ní Ìyábọ̀, òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Má bínú. Ọmọ rẹ ni orúkọ yẹn tọ́ sí, ṣùgbọ́n adìẹ ló wà nílé.

Bàbá rẹ,
Nùréènì